Àbọ̀ lórí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa ní aṣálẹ̀
Mo béèrè lọ́wọ́ yín bí a ṣe lè dá ọgbà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní aṣálẹ̀, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n. Ọgbà náà ti dúró báyìí. Ìmọ̀ràn tó wúlò jù lọ ni ti ìkòkò amọ̀ tí a kò kùn, tí a rì mọ́ ilẹ̀ títí dé ọrùn, tí a bu omi kún, tí a sì dé, nítorí pé omi ń rọra jò láti ara rẹ̀ lọ bá gbòǹgbò kí oòrùn tó fà á gbẹ. A kò kọ ebè rárá; inú kòtò tí kò jìn ni a gbin ilá àti tẹ̀tẹ̀ sí. Ní àkókò ìsinmi, ọlọ́dẹ ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò máa bu omi sí i. Ẹ ṣeun gidigidi.