Wákàtí mélòó gan-an ni bàlúù ń lò láti Èkó dé Atlanta?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ bàlúù rí láti Ìkẹjà lọ sí Atlanta tààrà, láìyà síbì kankan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Màmá mi, aláàdìrẹ n'Ítòkú níbí l'Abẹ́òkúta, ń lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú ọmọ tuntun lóṣù kọkànlá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kì í yẹ̀: aago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́, wọn kì í sì í lò ó láìjẹun.

Tíkẹ́ẹ̀tì ní aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n á gbéra, aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n á balẹ̀. Wákàtí mẹ́fà! Àbúrò mi ti ń yọ̀ pé Amẹ́ríkà ò jìnnà mọ́. Mo wọ̀n ọ́n lórí Google Maps, ó lé ní kìlómítà 9,000, bàlúù tó ń sá nǹkan bíi 900 ní wákàtí kan ò lè ṣe é ní mẹ́fà. Mo wá ṣírò wákàtí mẹ́fà tí aago wọn fi wà lẹ́yìn tiwa lóṣù yẹn mọ́ ọn, ó di méjìlá. Ìyẹn yé mi. Ẹni tó bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì, "Ẹ fọkàn balẹ̀" nìkan ló ń wí.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ tiwa á bá Màmá lójú ọ̀run. Ṣé wákàtí méjìlá yẹn bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ni, àbí látìgbà tó bá fò? Ṣé oúnjẹ àárọ̀ sì máa ń dé kí aago mẹ́jọ Èkó tó lù, àbí kí n di nǹkan fún wọn?