Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ SS (sickle cell) nílé, kí lojú yín rí lórí oògùn hydroxyurea?

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Ìbàdàn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ọmọ mi obìnrin ti ń lo hydroxyurea. Àwọn ìyá tí a jọ máa ń jókòó ní kíníìkì a máa bi mí pé ṣé ẹ̀rù kì í bà mí ni, ṣebí oògùn jẹjẹrẹ ni. Òótọ́ ni, jẹjẹrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún. Ìgbà tí dókítà là á yé mi ni ọkàn mi tó balẹ̀.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe rí nígbà tí a bí wọn. Tèmi sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo àdúgbò ló ń bá mi gbé e. Ìgbà tó ń lọ sí oṣù mẹ́fà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé wú, tó ń ké tọ̀sán-tòru. Ìyá ọkọ mi ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pè é. Mi ò bínú sí wọn. Ohun tójú wọn ti rí ni wọ́n ń sọ: ọmọ á wá, á rẹwà, àìsàn á kì í mọ́lẹ̀ kó tó pé ọdún, òmíràn á tún dé, á tún ṣe bákan náà. Kí ni wọn ì bá pè é bí kò ṣe àbíkú?

Dókítà ní inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Himoglóbìn tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara wa, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ọmọ ń lò nínú oyún, ọ̀tọ̀ ni ti àgbàlagbà. Bí wọ́n bá bí ọmọ tán, ara á máa dín ti inú oyún kù díẹ̀díẹ̀, á máa fi ti àgbàlagbà rọ́pò rẹ̀. Ní ti ọmọ SS, ti àgbàlagbà yìí ni àbùkù tí wọ́n ń pè ní S wà lára rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dín lára rẹ̀, á so mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì pupa á tẹ̀ bíi dòjé, á sì há sínú iṣan tóóró. Ibi tó bá há sí ni ìrora á ti bẹ̀rẹ̀. Ti inú oyún kò ní S rárá, ìyẹn lara ọmọ fi máa ń yá láwọn oṣù àkọ́kọ́. Ní 1948 ni Janet Watson, dókítà kan ní New York, ti kíyè sí i.

Ohun tí hydroxyurea ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ara tún máa ṣe himoglóbìn inú oyún yẹn. Kì í wo SS sàn o. Kíráísìsì, ìyẹn ìrora tó ń ṣàdédé dé yẹn, ṣì ń wáyé nílé wa, àgàgà nígbà ọyẹ́, àmọ́ a kì í sùn ní ọsibítù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bàbá Méjì, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, màmá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní ká máa ṣe lóòrèkóòrè ńkọ́? Owó rẹ̀ ju owó oògùn lọ. Ṣé dandan ni?

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́

Dandan ni, bàbá. Oògùn náà lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà kù, ẹ ò sì ní mọ̀ lójú. Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn pa oògùn tì o, SS fúnra rẹ̀ lè fa rọpárọsẹ̀. Èmi ti gba ọmọ iléèwé wọlé tó jí láàárọ̀ tí apá kan rẹ̀ ò gbé mọ́. Rọpárọsẹ̀, lára ọmọdé! Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Kánò àti Kàdúná fún ọmọ 220 tí ẹ̀rọ ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń sáré jù nínú iṣan ọpọlọ wọn. Apá kan ń lo hydroxyurea mílígíráàmù 10 fún kílò kan lójúmọ́, apá kejì ń lo 20. Èsì jáde ní 2022: ní ti rọpárọsẹ̀, apá méjèèjì ò yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lo 20 kì í wọ ọsibítù tó àwọn yòókù. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín bù ú kún o, dókítà ló ń wọ̀n ọ́n.

Ará Peckham

Èmi fúnra mi ni SS. Ìtọ́jú jíìnì (àṣẹ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) tí Bìrìtìkó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá 2023, tí Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e, himoglóbìn inú oyún yìí kan náà ló ń wá. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ BCL11A, òun ló ń pàṣẹ pé kí ara má ṣe himoglóbìn inú oyún mọ́. Wọ́n á fa sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jáde lára rẹ, wọ́n á gé ibi tó ń gbé jíìnì náà ró nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún, wọ́n á sì dá a padà. Àmọ́ kí wọ́n tó dá a padà, kẹ́mò líle, irú oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ni wọ́n á fi pa mùdùnmúdùn egungun rẹ. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ dọ́là mílíọ̀nù 2.2. Tèmi kì í ṣe ti owó. Mi ò tíì bímọ, kẹ́mò yẹn sì lè gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ èèyàn. Mo ṣì ń rò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Kò sẹ́ni tó dárúkọ orin ata? Láàárín 1970 sí 1979, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n níbí rí i pé omi gbòǹgbò rẹ̀ ń mú sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ padà sípò nínú láàbù. Oògùn Niprisan tí wọ́n ṣe ní Àbújá náà, ìyẹ̀rẹ̀, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà ni, láti ọwọ́ oníṣègùn Yorùbá kan. Wọ́n dán an wò lára èèyàn, ó dín ìrora kù. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gbà á ṣe wọ gbèsè ní 2008. Ó ń dùn mí.

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Ìbàdàn

Tèmi ń run orin ata láràárọ̀, dókítà mọ̀ sí i. Àgbo ni wọ́n ní kí n má fún un mu pọ̀ mọ́ oògùn, nítorí kíndìnrín. Bàbá Méjì, ẹ bi wọ́n ní kíníìkì yín bóyá ẹ lè máa san owó àyẹ̀wò díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbà fún wa níbí.