Ṣé kí ọmọ mi ṣì máa bá ohùn ẹni tó ti kú mu omi?

Aránṣọ Mọ́níyà:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Aránṣọ ni mí ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí, ẹni tó kú náà, mi ò fojú kàn án rí.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 6, SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tá a fi mọ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lójijì, a rò pé kòkòrò ló ta á. Látìgbà náà ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, àwa ìyá tí ọmọ wa ní fòníkú-fọ̀ladìde, pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà tí àwọn fúnra wọn ní in. Ibẹ̀ lèmi àti ẹni tó kú yìí ti mọra. Ọmọ Ìlọrin ni, Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń gbé níbẹ̀. Ọmọ ọdún 29, SS lòun náà. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí torí mi ò tíì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀. Àbúrò ni mo ń pè é, Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ ló ń pè mí.

Òru ọjọ́ kan báyìí ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ mi ń lọ sí ọdún 3 nígbà náà. Ọyẹ́ mú gan-an. Ẹsẹ̀ ń ro ọmọ, ó ń ké pé “egungun mi, egungun mi.” Ọkọ mi ti wa tírélà lọ sí Kánò, iná ò sí, èmi nìkan ni mo gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé mo fẹ́ lọ kanlẹ̀kùn ará ilé wa kí n tọrọ yìnyín tí n ó fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Aago méjì ti kọjá. Kò pẹ́, fóònù mi dún. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohun tútù kàn án o. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ ki aṣọ bọ̀, kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ wọ̀bọ̀sẹ̀ fún un. Ẹ fún un ní oògùn ìrora tí dókítà kọ, ẹ sì fún un lómi. Tí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tí mímí bá ń le fún un, ẹ má dúró gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi mọ́, ilé ìwòsàn ni.” Kò sùn, èmi náà ò sùn. Ó ń bi mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá pé ẹsẹ̀ ńkọ́, omi ńkọ́, títí wọ́n fi pèrun ní àdúgbò wọn, mo sì ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Ọmọ ti ń sùn nígbà náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ àìsàn yìí, ẹ mọ̀ pé omi ò gbọ́dọ̀ wọ́n lára wọn. Tómi bá dín, àwọn ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé yẹn á máa há sínú iṣan, ìrora á dé. Ọmọ mi sì kórìíra omi. Mo bẹ̀ ẹ́, mo nà án, mo fi súgà sí i. Àbúrò mi ní kí n gbé fóònù sí i létí. Ó wá fi voice note kan ránṣẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá 48 ni. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ń ya ọ̀rá pure water, shàà. Á ní: “Ọ̀rẹ́ mi, gbé tìẹ. Ó yá, ká jọ mu ún.” Lẹ́yìn náà lẹ ó máa gbọ́ ọ̀fun rẹ̀, gulú, gulú, gulú. Á dúró, á mí, á ní: “Ó kù díẹ̀. Má fi sílẹ̀ o.” Ọmọ tí ò mu ìdajì ife tẹ́lẹ̀ mu gbogbo rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí, láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, lálẹ́ kó tó sùn, Àǹtí, bó ṣe ń pe Àbúrò mi, ló ń bá mu omi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, alábòójútó ẹgbẹ́ wa kọ ọ́ pé ó ti lọ. Àyà ló dì í mú lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, kò rí òwúrọ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n ti sin ín kí n tó rí ọ̀rọ̀ náà. Ìdí maṣíìnì ni mo wà. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ lọ, ìgbà tí mo wòye, mo ti rán apá mọ́ ọrùn. Mo jókòó, mo ń tú u, omi ń bọ́ lójú mi sórí léèsì oníléèsì.

Èèyàn dáadáa lọkọ mi. Ó ní, “Ṣebí ẹni tó ò rí rí ni?” Àwọn oníbàárà mi wọlé, wọ́n jáde, kò sẹ́ni tó kí mi pé ẹ kú àráfẹ́rakù, torí kò sí òkú kankan nílé wa lójú tiwọn. Tẹ́nìkan bá kú, a máa ń ní ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Ojú wo ni n ó fi mọ̀ ọ́n lójú àlá? Fọ́tò kan ṣoṣo tó wà lórí WhatsApp rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i ni, gèlè nìkan là ń rí. Ojú rẹ̀ máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nítorí àìsàn yẹn, kì í fẹ́ kí wọ́n yà á.

Èyí tó gbé mi wá síbí gan-an nìyí. Ọmọ mi ò mọ̀. Ó ṣì ń bá a mu omi. Ìyá ọkọ mi wá kí wa ní Sátidé, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, mo sì sọ òótọ́. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Wọ́n ní, “Òkú là ń sọ fún pé kó má jọ̀kùn, kó má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó máa bá wọn jẹ. Ta ló ní kí alààyè lọ bá wọn jẹ ẹ́?” Wọ́n ní kí n pa á rẹ́. Voice note 214 ló wà lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì pa ìkankan.

Ṣé kí n dá a dúró? Ṣé ó sì tọ́ kí n pe ìyá rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ mí rí?

Baba Abẹ́òkúta:

Ẹ kú àráfẹ́rakù, ìyá ọmọ. Ọlọ́run á mú ọjọ́ jìnnà síra. Ẹni tó báni ṣòru ju ẹbí lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ò lókùú.

Ṣùgbọ́n lórí ọmọ, mo wà lẹ́yìn ìyá ọkọ yín. Kò sí ilé tí wọn kì í fara balẹ̀ gbàdúrà tí ẹnìkan bá lá àlá pé òun ń bá òkú jẹun. Àgbàlagbà tó mọ̀ pé òkú ni lè gbọ́ ohùn náà kó fi ṣèrántí. Ọmọ tí kò mọ̀ ńkọ́? Ẹ fi ohùn tiyín rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹlẹ́fóònù Ìkẹjà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ òkú àti alààyè, mo fi sílẹ̀ fáwọn àgbà. Tèmi ni pé ẹ má tíì pa nǹkankan rẹ́, ẹ sì má fi gbogbo rẹ̀ sórí fóònù kan ṣoṣo. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbé fóònù tó bọ́ sómi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí wọn ò bìkítà fún fóònù fúnra rẹ̀, ohùn bàbá wọn ni wọ́n ń wá. Ẹ kó wọn sórí mẹ́mórì káàdì, kẹ́ ẹ tún fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí náà kó má bàa bá yín lójijì. WhatsApp tí ẹnikẹ́ni ò bá lò fún ọjọ́ 120, wọ́n sábà máa ń pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kan, ẹ ó kàn rí i nínú ẹgbẹ́ yín pé ó ti “jáde.” Gèlè yẹn á kúrò, ibi tí fọ́tò wà á ṣófo. Ohùn tó wà lórí fóònù yín ò ní lọ. Láìnì náà ńkọ́? Òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, gbà pé kí wọ́n ti láìnì tí kò ṣiṣẹ́ fún oṣù 6 pa, tó bá sì tún tó oṣù 6 sí i, wọ́n lè tà á fẹ́lòmíì. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tá a jọ ń ta ayò dírááfù lórí fóònù, Sàpẹ́lẹ̀ ló ń gbé, a ò ríra rí. Ó kú. Nígbà tó lé lọ́dún kan, orúkọ rẹ̀ tí mo fi pa mọ́ gbé fọ́tò tuntun jáde: arákùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ìgbéyàwó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè jẹun ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ẹ yí orúkọ tẹ́ ẹ fi pa nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ padà kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Ọmọ Àkúrẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, SS ni mí, ọmọ ọdún 34. Mo kà á, mo tún un kà.

Ohun tó bá ń mú ọmọ yín mu omi, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ sọ òótọ́ fún un o, ọmọ ọdún 6 ti tó í sọ fún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ ìgbà tó tó.

Èyí tó jẹ mọ́ ìyá Àbúrò yín: ẹ pè é. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Norway, Mats Steen, àìsàn tó ń jẹ iṣan tán ló ń bá a jà láti kékeré. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ló ń gbé. Géèmù World of Warcraft, tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń ṣe lọ́sàn-án lóru, àwọn òbí rẹ̀ sì ń sunkún pé ọmọ àwọn ò lọ́rẹ̀ẹ́. Ó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ọmọ ọdún 25. Bàbá rẹ̀ kọ ọ́ sórí búlọ́ọ̀gì ọmọ náà pé ó ti lọ, ó fi àdírẹ́sì ímeèlì sí i, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹni tó gbà nímọ̀ràn nípa ọmọ rẹ̀, ẹni tó bá jókòó nígbà tí ọkàn onítọ̀hún bàjẹ́, gbogbo wọn ló ń kọ̀wé. Àwọn kan wọkọ̀ òfuurufú láti ilẹ̀ mìíràn wá síbi ìsìnkú, àwọn tí wọn ò rí i sójú rí. Ibẹ̀ làwọn òbí náà ti mọ irú ẹni tí ọmọ wọn jẹ́.

Àwa tí ìrora ń dá dúró sílé, inú fóònù la ti ń jáde lọ sáyé. Àwọn ará ilé wa kì í rí ibi tá a lọ. Ìyá Àbúrò yín lè máà mọ̀ pé ọmọ òun gba ọmọ kan là lóru l'Ìbàdàn.

Màmá Ọ̀fà:

Ọmọ mi, o kú àráfẹ́rakù. O kú ìrọ́jú.

Ìyá ọkọ rẹ ò jẹ̀bi, ìfẹ́ ọmọ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ará ọ̀run tí àwọn baba wa ń gbà lálejò, ṣé ojú la fi ń mọ̀ ọ́n ni? Egúngún bo ojú, ohùn la ń gbọ́, a sì ń kúnlẹ̀ gba ìre lẹ́nu rẹ̀. Ohùn tó ní kí ọmọdé mu omi kó lè yè, mi ò rí ibi nínú rẹ̀.

Pe ìyá náà. Ọmọ ló kú fún un, ẹni tó yẹ kó sin ín. Àwọn èèyàn á ti máa sọ fún un pé kó má sunkún mọ́, pé kó gbà fún Ọlọ́run. Má sọ bẹ́ẹ̀ o. Má béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe fún ẹ, kó o sì dákẹ́.

Aránṣọ Mọ́níyà:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Mo ṣe é.

Mo kọ́kọ́ sọ fún ọmọ. Ó wo fóònù, ó ní, “Ṣé ó mu tiẹ̀ tán?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láàárọ̀ báyìí, èmi àti ẹ̀ la jọ ń mu ún, èmi náà ra pure water, mo ń ya á létí rẹ̀. Lálẹ́, tó bá béèrè fún Àǹtí, mo ń gbé e sí i. Ìyá ọkọ mi ò tíì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọn ò gba fóònù mọ́.

Mo gba nọ́ńbà ìyá Àbúrò lọ́wọ́ alábòójútó. Wọ́n ti mú wọn wá sílé n'Ìlọrin kí wọ́n má bàa dá wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ nọ́ńbà tí mo tún pa á. Nígbà tí wọ́n gbé e, mo ní aránṣọ kan ni mí láti Ìbàdàn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, “Ìwọ lo lọmọ tó ń bá a mu omi?” Wọ́n mọ̀ mí! Ìyàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn, wọ́n máa ń gbọ́ ọ tó bá ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀.

Wọ́n wá sọ fún mi pé páásíwọ́ọ̀dù ló fi ti fóònù rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nílé. Aṣọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, káàdì ilé ìwòsàn wà, ìwé ẹ̀rí wà. Kò sẹ́nì kan nínú wọn tó ní ohùn rẹ̀.

Mo wọkọ̀ Ìlọrin ní Sunday. Mo gba Ẹlẹ́fóònù gbọ́, mo ti kó gbogbo rẹ̀ sórí mẹ́mórì káàdì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n ní kí n wò ó, wọ́n gbé álíbọ́ọ̀mù jáde. Mo rí ojú rẹ̀. Ó ní èjí. Mi ò mọ̀ rí pé ó ní èjí.

A jókòó sórí ẹní nínú yàrá, èmi àti ìyá rẹ̀, wọ́n ní èyí tó ń bá ọmọ mu omi ni kí n kọ́kọ́ gbé sí i. Mo tẹ̀ ẹ́. Shàà yẹn dún. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n dá a dúró, kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

“Eyín ló fi ń ya á,” wọ́n ní. “Ojoojúmọ́ ni mò ń bá a jà sí i.”