Ìbọn 1911 àlòkù mi ń há ọta: kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìbọn, ẹ jọ̀ọ́. Houston ni mo wà. Mo ra ìbọn ìléwọ́ 1911 àlòkù kan, tó ń lo ọta oníwọ̀n .45. Ọta olórí roboto ń wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ní ihò lórí máa ń fi imú gún ẹnu ọ̀nà bárẹ́ẹ̀lì (ọ̀pá ìbọn), á sì há síbẹ̀. Ẹni tó tà á ní kò lálèébù (ẹnu ọlọ́jà ṣá!). Mo ti tú u fọ̀, mo fi òróró sí i, kò yàtọ̀. Mágasíìnì (àpótí tí ọta ń wà nínú ìbọn) kan ṣoṣo tó bá a wá ti gbó. Ṣé òun ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ ni, àbí sípíríǹgì ló ti rọ̀? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi fáìlì ha ojú ọ̀nà ọta. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má bà á jẹ́ pátápátá.