Àbúrò mi ti mú iléèwé o, àbọ̀ rèé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, èmi tí mo béèrè nígbà yẹn pé ṣé kí àbúrò mi obìnrin lọ ka Anatomy (ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀yà ara ṣe rí) ní UNILORIN ni àbí Physiology (ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) níbí ní LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, torí dókítà ló fẹ́ dà, máàkì JAMB ẹ̀ ni ò gbé e dé Medicine. Ó ti parí, LAUTECH ló mú.

Ká sòótọ́, owó ló ṣẹ́gun. Bàbá wa yí ẹ̀yìn bíìlì iná padà, wọ́n mú báírò, owó ilé n'Ílọrin, owó oúnjẹ, owó mọ́tò tó bá ń bọ̀ wálé, kí wọ́n tó kọ ìlà kẹrin ni màmá wa ti ní "ẹ fi báírò yẹn sílẹ̀ jàre". Inú àbúrò mi kọ́kọ́ bàjẹ́ o, ó ti ń fojú inú wo ara ẹ̀ nínú yàrá tẹ́nikẹ́ni ò ti ní rán an níṣẹ́ 😂

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó má gbọ́kàn lé Direct Entry, ẹ ṣeun gan-an, ohun tí wọ́n sọ fún wa náà nìyẹn: tó bá fi máàkì tó dáa parí B.Sc. ó lè fi wọ Medicine láti 200 level (ọdún kejì), ṣùgbọ́n àyè ò pọ̀, èrò ló pọ̀. Ó lóun á tún kọ JAMB lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò dá a lẹ́kun.

Kóòtù láàbù ẹ̀ ti wà lára ìṣó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ̀ ọ́ wò lánàá.