Mo fẹ́ máa ta ojúlówó oúnjẹ ajá lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìbàdàn ni mo ń gbé, mo sì ń gbèrò láti dá òwò oúnjẹ ajá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá fún àwọn tó ń sin Boerboel àti Alsatian, tí wọn kò fẹ́ kí ajá wọn máa jẹ àjẹkù ẹ̀bà mọ́. Ọbẹ̀ wa kò yẹ ajá rárá, nítorí pé àlùbọ́sà inú rẹ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, egungun adìyẹ tí a ti sè sì lè gún wọn nífun.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni bóyá kí n máa ra èyí tó ń ti òkè òkun wá, tí dọ́là ti sọ di ọ̀wọ́n gógó, tàbí kí n máa fi ẹja gbígbẹ, àgbàdo àti sóyà pò ó fúnra mi. Ìlànà AAFCO, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn aláṣẹ tó ń mójú tó oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ní Amẹ́ríkà, ní kí purotéènì tó ìdá 22.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọmọ ajá àti 18 fún àgbà ajá, láìka omi inú oúnjẹ náà mọ́ ọn. Ta ni ó lè bá mi yẹ èyí tí mo bá pò wò? Ẹni tó bá ti gba nọ́ńbà NAFDAC rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé bí ó ṣe lọ.

Àpò kílò 15 wúwo fún ọlọ́kadà, bí mo bá sì tú u sí kílò méjì méjì, ọ̀rinrin àsìkò òjò lè mú kó bu. Irú ọ̀rá wo ni ẹ̀yin fi ń dì í?