Èdìdì kọ́ ni rọ́bà ẹnu fọ́ọ̀kì

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹni tó ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ọmọṣẹ́ tó ń tún alùpùpù ṣe bi wá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta: kí ni ká máa pe fọ́ọ̀kì iwájú alùpùpù, irin ẹsẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú, kí ni ká pe rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo inú rẹ̀ jò, kí sì ni ká pe epo náà fúnra rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Íbàdàn dáhùn kíá: àmúga, èdìdì òróró, òróró àmúga. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, kí ọ̀rọ̀ yìí tó wọ inú ìwé.

Alùpùpù tèmi ló ń jò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú rẹ̀ ń yọ epo, eruku pupa ọ̀nà Ìlárá sì ń lẹ̀ mọ́ ọn, àfi bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Mo ń nù ún, ó ń jò. Ọjọ́ tí epo ọ̀hún dé ara dísíkì bíréèkì, tí mo mú bíréèkì tí alùpùpù ń bá tirẹ̀ lọ, mo gbé e tọ pàtírọ́ọ̀nù lọ. (Bẹ́ẹ̀ ni, pàtírọ́ọ̀nù ni àwọn ọmọṣẹ́ ń pe ọ̀gá wọn níbí. Ẹ má jẹ́ ká tún tìtorí ìyẹn jà.)

Ti àmúga kò gba àsọgùn. Àmúga la fi ń mú ẹran nínú abọ́. Òyìnbó ló rí irin méjì tó jọ ẹyín àmúga, ó sì sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ojú tirẹ̀ ló fi wò ó. Ẹsẹ̀ iwájú ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù níbí, mi ò bá sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ bí kò bá ṣe pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti di táyà lẹ́nu gbogbo wa. Ẹ jẹ́ ká fi fọ́ọ̀kì sílẹ̀ bó ṣe wà. Òróró àmúga ńkọ́? Èmi gbọ́ ọ, ìrẹsì ló wá sí mi lọ́kàn.

Èdìdì gan-an ló ń dùn mí.

Pàtírọ́ọ̀nù tú ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó yọ sípíríǹgì, ó dojú ẹsẹ̀ ọ̀tún dé abọ́ kan. Ohun tó dà jáde dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ ìdí ìkòkò, ó sì ń rùn bí ẹja tó sùn mọ́jú lórí àtẹ. Páìpù méjì ni ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ti òkè ń wọ inú ti ìsàlẹ̀. Ó fi túnàfáìsì (irin tí a fi ń tú ìdè) pẹlẹbẹ tú wáyà tó há sí ẹnu páìpù ìsàlẹ̀, ó wá yọ rọ́bà náà jẹ́jẹ́ kó má baà ha ẹnu páìpù. Ó kó o sí mi lọ́wọ́. “Ẹ wo ètè rẹ̀,” ló wí. Rọ́bà roboto ni, irin wà nínú ẹran ara rẹ̀, ètè tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí inú ihò rẹ̀ ká, sípíríǹgì tó tín-ín-rín bí wáyà ẹ̀gbà ọrùn ọmọdé sì di ètè náà mọ́ra láti ẹ̀yìn. Ètè yẹn ti ya níbì kan, bí èékánná ìka kékeré ni yíya náà gùn mọ. Ipata kan ló wà lára páìpù òkè tó ń ha á. Gbogbo ìgbà tí alùpùpù bá wọ kòtò, páìpù á wọlé, á jáde, ipata á ha ètè.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé èdìdì nìyẹn? Lẹ́tà ọba la ń fi èdìdì dì. Ìwé inú Ìfihàn, èdìdì méje ló wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n sì tú u, ó tú nìyẹn. Ohun tí a bá fi èdìdì dì, ẹnikẹ́ni kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹnu rọ́bà tèmi yìí, páìpù ń gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ ṣúlẹ̀, ohun tí wọ́n sì gbé e síbẹ̀ fún ni pé kí páìpù kọjá kí epo má tẹ̀ lé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, seal, fún èyí àti fún ti lẹ́tà, ẹ̀gbọ́n sì tú èyí tí kì í ṣe tiwa. Ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Aládùúgbò mi kan tó ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wá ní ká pè é ní oríkèé. Mo béèrè ìdí. Ó ní Faransé ń pè é ní joint, ìwé atúmọ̀ sì sọ pé oríkèé ni. Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀gbọ́n sí ìdí lẹ́tà, Faransé gbé aládùúgbò mi sí ìdí orúnkún. Àwọn ará Jámánì kò tiẹ̀ wá ìtumọ̀ kankan fún irú rọ́bà yìí. Simmerring ni wọ́n ń pè é, orúkọ Walther Simmer tó ṣe é.

Ẹlòmíràn mú asépo wá, ohun tó ń sé epo. Ó dára létí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ìwé yìí wà fún, orí fóònù ni wọ́n máa kà á, láìsí àmì kankan, asepo ni wọ́n á sì rí. Ẹni tó ń se epo lórí iná nìyẹn. (Èmi gan-an, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi kọ́ mi nílé ìwé níbí, nítorí tiyín ni mo ṣe ń fàmì sábẹ́.)

Adènà lèmi fẹ́. Ará Kétu kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí rẹ̀, nítorí Ìdènà ni orúkọ ẹnubodè odi ìlú wa àtijọ́, Akaba Ìdènà. Wọn kò mọ ẹnubodè kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé. Wọ́n mọ ọ́ kí ẹni tó yẹ lè wọlé kí ẹni tí kò yẹ dúró síta. Iṣẹ́ rọ́bà yìí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ohun tó tún jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé rọ́bà méjì ló wà lẹ́nu ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti ìsàlẹ̀ ń dá epo dúró sínú, ti òkè ń dá iyẹ̀pẹ̀ dúró síta: adènà epo, adènà eruku. Kí ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ ṣe sí ti òkè yẹn, èdìdì eruku?

Ti epo, epo fọ́ọ̀kì tó, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ láìkọ nọ́ńbà rẹ̀, èyí tó ń sọ bó ṣe ki tó. Níbí, epo lásán lè jẹ́ epo pupa, ó lè jẹ́ kpayo, bẹntiróò fàyàwọ́ tí wọ́n ń tà nínú ìgò létí títì, ó sì lè jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì. Ọmọṣẹ́ tó bá ka “epo” á da 20W-50 ẹ́ńjìnnì sí i, nígbà tó jẹ́ pé 10W ni ọ̀pọ̀ alùpùpù kéékèèké ń fẹ́. Epo yìí, inú ihò wẹ́wẹ́ ló ń gbà kọjá nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń wọlé tó ń jáde, ìnira rẹ̀ níbẹ̀ ló ń tu sípíríǹgì lójú. Bó bá ki jù, iwájú á le bí igi. Bó bá ṣàn jù, á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Bó bá sì pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ òkè kò ní ríbi sá sí, á ti adènà jáde, ìnáwó tuntun dé.

Kí n má parọ́: pàtírọ́ọ̀nù kì í sọ adènà. Nígbà tó rán ọmọ lọ sọ́jà, “Júẹ̀n sípì, 33, 46, 11” ló sọ, Faransé náà ni, joint spi. Ìwọ̀n ihò inú, ìwọ̀n òde, nínípọn, gbogbo rẹ̀ ní mìlímítà. Ọmọ kọ́kọ́ mú ayédèrú kan bọ̀ tí ètè rẹ̀ le bí awọ gbígbẹ, wọ́n dá a padà. Èkejì ni pàtírọ́ọ̀nù fi epo pa lẹ́nu, ó fi lailọ́ọ̀nù bo orí páìpù kó má baà ya ètè tuntun, ó tì í sọ̀kalẹ̀, ó wá fi ègé páìpù omi gbá a wọlé díẹ̀díẹ̀.

Mo dán ọ̀rọ̀ mi wò lára ọmọṣẹ́ ọ̀hún. Mo ní, “Àbúrò, adènà epo ọ̀tún ló bàjẹ́, àbí?” Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun rò pé àwọn aṣọ́bodè ọ̀nà Ìlárá tí ń gba kpayo lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni mo ń bá wí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ olómi epo sí ẹnu ẹsẹ̀ òsì, ó ní, “Tìyí náà ò ní pẹ́ já, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ méjèèjì.”